Ta Ni Baálé? Ọjọ́ Méje Láti Ṣágámù Dé Ìjẹ̀bú-Igbó

Ọjọ́ Ajé, Ṣágámù

Aago méje kò tíì lù tí ọkọ̀ wa fi gbéra ní Ìbàdàn. Ilé-ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi Àjíǹde, mo sì ti pinnu pé n kò ní fi ti ọ̀tẹ̀ yìí sùn. Ọdún méjìdínlógún nìyí tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní bàólọ́jì. Lọ́dọọdún ni mo máa ń sọ fún wọn pé ní 1866, ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Ernst Haeckel mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ilé, ó fi sọ ẹ̀kọ́ kan lórúkọ, ẹ̀kọ́ nípa bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń bá ara wọn gbé, tí wọ́n tún ń bá ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ gbé. Ẹkọ́lọ́jì ni. Ní táàmù tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn nawọ́ sókè. Ó ní, "Mà, tó bá jẹ́ ilé ni, ta ni baálé?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó wò, mo sì ń rò ó títí dòní. Ohun tó ń gbé mi lọ sílé nìyí.

Mo sọ̀ ní Ṣágámù nítorí obì. Ìyá kan ń to gbànja sínú agbọ̀n ńlá lẹ́bàá ọjà. Ó fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n yí ká, ó da obì lé e, ó tún fi ewé bò ó, ìpele lórí ìpele, títí tí agbọ̀n fi kún. Bí ó bá kan ewé tó ti ya, ó ń jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi í pé ewé kí ni.

"Ewé eéran ni, ọmọ mi. Bí ewé bá gbẹ, obì á gbẹ. Bí obì bá gbẹ, kí ni wọn ó rà lọ́wọ́ mi?"

Ewé eéran yìí náà la fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Abẹ́ igi ńlá ló ń hù, níbi tí òjìji bá wà, kò sì sí ẹni tó ń gbìn ín níbi tí wọ́n ti já èyí. Ẹni tó bá gé igi orí rẹ̀ ti gé òun náà. Obì tó ń lọ sí òkè Ọya, igbó tí kò sẹ́ni tó ń pè ní oko ló ń wọ̀ ọ́ láṣọ. Mo ra obì mẹ́ta, ìyá náà sì fi ewé kan lé e fún mi láìgba owó.

Mo wọ Ìjẹ̀bú-Òde nírọ̀lẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ni mo sùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Òkè-Ẹ̀rí

Ọ̀kadà ló gbé mi dé Òkè-Ẹ̀rí. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò tíì gbọ́ nípa Erédò Sùngbọ́, yàrà àti odi àtijọ́ náà, a sì máa ń fi orúkọ Bílíkísù Sùngbọ́, obìnrin tí ìtàn ní ó ni ín, yangàn níbi gbogbo, àmọ́ èmi kò tíì sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà náà rí. Ó yí Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká ní nǹkan bí 160 kìlómítà. Láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi, ibòmíràn ga tó mítà 20, bí ilé alájà mẹ́fà. Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ. Nígbà tí Patrick Darling, awalẹ̀pìtàn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, wá ń wọ̀n ọ́n ní àwọn ọdún 1990, inú igbó ló ti ń tọ̀ ọ́ kiri, nítorí igbó ti gbà á mọ́ ara.

Ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń dáko létí ibẹ̀ ló mú mi wọlé. A di gbòǹgbò mú, a fi ìdí wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Nísàlẹ̀, oòrùn dẹwọ́, ara mi sì tutù bí ẹni tó wọ inú ilé amọ̀ lọ́sàn-án gangan. Mo fọwọ́ kan ògiri. Amọ̀ pupa ni lábẹ́, ṣùgbọ́n nǹkan tútù kan bí aṣọ àrán bò ó láti ìsàlẹ̀ dókè, omi sì ń kán ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti inú rẹ̀. Aláǹgbá kékeré kan sá wọ inú ihò. Àwọn ewé tó ní iyẹ́ bíi ti ẹyẹ yọ láàárín gbòǹgbò, irú wọn kò sì sí ní orí ilẹ̀ tí a ti sọ̀ kalẹ̀ wá, nítorí òkè ti gbẹ jù fún wọn.

Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ, àwòrán igbó kì í ní ènìyàn. Koríko wà níbẹ̀, àgbọ̀nrín wà, ẹkùn wà, olú tó ń jẹ igi rà wà, ọfà sì lọ láti ara ọ̀kan sí èkejì. Bí ènìyàn bá máa yọjú rárá, ojú ewé tó kẹ́yìn ni, àáké á sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Arthur Tansley, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà ecosystem (ohun ẹlẹ́mìí ibì kan pẹ̀lú ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́ wọn, lápapọ̀) ní 1935, kò fara mọ́ irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀kọ́ tó bá yọ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kúrò kò lè ṣàlàyé ayé tí a wà nínú rẹ̀. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ yìí lórí ìwé tipẹ́. Inú Erédò ni ara mi ti gbà á. Àwọn tó gbẹ́ yàrà yìí ń ronú ogun, tàbí ààlà, tàbí ọlá ọba wọn. Wọn kò ronú ewé oníyẹ̀ẹ́. Síbẹ̀ ilé ni wọ́n kọ́ fún un.

Ní ìwọ̀n ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá síbẹ̀, ẹnì kan ti fi katapílà bẹ́ odi náà lulẹ̀, ó ti to bùlọ́ọ̀kù sí i. Ọmọ náà ní ìpìlẹ̀ ilé ni. Inú mi bàjẹ́ gidigidi. Ẹni tó ń kọ́lé náà nílò ibùsùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí kò sí ẹni tó lè gbẹ́ mọ́ láyé yìí ni wọ́n fi ọ̀sán kan tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ọjọ́rú, Ìjẹ̀bú-Òde

Òjò. Ìyá Àgbà ń ṣe gààrí, mo bá a jókòó. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin ní ọjọ́ Àìkú ṣì wà nínú àpò, òkúta mẹ́rin lórí rẹ̀. Omi funfun ń sun jáde lábẹ́, ó sì ti la ojú ọ̀nà kan gba inú koríko dé ìdí ògiri. Gbogbo ibi tí omi náà gbà kọjá, koríko ti kú. Ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ mu ún. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ lóòótọ́. Rírin ló ń tú u sílẹ̀, omi ló ń gbé púpọ̀ rẹ̀ lọ, iná ló sì ń lé ìyókù. Kíkan tí a mọ gààrí Ìjẹ̀bú sí, àwọn nǹkan ẹlẹ́mìí tí ojú kò lè rí ló ń ṣe é nínú àpò yẹn, lábẹ́ òkúta, nígbà tí a bá sùn.

Mo bi í pé, "Ìyá, ọjọ́ mélòó lẹ fi ń jẹ́ kó kan?"

"Ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún. Ó wà lọ́wọ́ bí òjò bá ṣe rí." Ó tẹ àpò náà wò, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. "Èmi kọ́ ni mo ń kan án. Èmi kàn ń dúró dè é ni."

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán (ìkọ́kọrẹ́, ẹja rẹ̀ pọ̀, kí Ọlọ́run bá mi kẹ́ wọn), ọ̀rọ̀ kan igún. Ìyá ní nígbà tí òun jẹ́ ọmọge, bí wọ́n bá ti ń pa màlúù, igún á ti kún orí páànù. Ó wá bi mí léèrè ìgbà tí mo rí igún kẹ́yìn. Mo ronú títí. N kò rántí. Igún ilẹ̀ wa ti wà lára àwọn ẹyẹ tó sún mọ́ àtirun jù lọ ní gbogbo ayé láti 2015, nínú àkójọ tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ohun ẹlẹ́mìí, ń ṣe. Májèlé ń pa wọ́n, àwọn tó ń fi orí wọn ṣoògùn náà sì ń pa wọ́n.

"Wọ́n á ti gbàgbé ni," Ìyá wí. "A kì í pa igún, a kì í jẹ igún."

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ gbólóhùn yìí, mo sì rò pé nítorí ẹran rẹ̀ kò dára ni. Lónìí ni mo tó gbọ́ ọ dáadáa. Igún ń jẹ òkú kó tó rà, kó tó di àìsàn sí wa lára. Iṣẹ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú agboolé, àwọn àgbà sì fi èèwọ̀ ṣọ́ iṣẹ́ náà. Kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀, kò sí owó ìtanràn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, ó sì dá ọwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ ìran.

Ọjọ́bọ̀, J4

Títì márosẹ̀ tó lọ sí Benin la gbà dé J4, ní etí igbó ọba Omo. Igbó náà fẹ̀ tó 130,500 hẹ́kítà. Ní 1977 ni UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àti àṣà ti àgbáyé, kà á mọ́ àwọn igbó tí ó fẹ́ kí gbogbo ayé bá a ṣọ́, lábẹ́ ètò kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1971, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ti so ènìyàn pọ̀ mọ́ ayé ohun ẹlẹ́mìí. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ètò náà ni pé kò ní kí gbogbo ènìyàn jáde. Àárín gbùngbùn wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, èyí tí ti Omo jẹ́ 460 hẹ́kítà. Ìta rẹ̀ wà tí a lè lò níwọ̀nba. Ìta pátápátá wà tí abúlé àti oko wà. Lórí ìwé nìyẹn o.

Ẹni tó mú wa wọgbó jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀, ó ti di ẹ̀ṣọ́ igbó báyìí. Inú mẹlínà la kọ́kọ́ gbà. Igi ilẹ̀ Éṣíà ni, wọ́n gbìn ín lọ súà níbí kí wọ́n lè fi ṣe ìwé ní Ìwòpin. Igi náà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lórí ìlà, abẹ́ rẹ̀ sì mọ́. A rìn fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, n kò gbọ́ ìró ẹyẹ kan. Ewé eéran kò sí níbẹ̀. Igi pọ̀, igbó kò sí.

Nígbà tí a wọ igbó gidi, ìró ìyẹ́ àgbìgbò ló kọ́kọ́ kí wa, fọ̀ọ̀, fọ̀ọ̀, fọ̀ọ̀, bí ẹni ń fẹ́ ẹwìrì lókè orí wa.

Mo bi ẹ̀ṣọ́ náà pé, "Bàbá, ṣé kò ni yín lára láti fi iṣẹ́ ọdẹ sílẹ̀?"

Ó rìn díẹ̀ kó tó fèsì. "Mo ṣì ń tọ ipasẹ̀ ẹran, tíṣà. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá tọ̀ ọ́ dópin, ó máa ń kú ni. Ní báyìí, mo ń tọ̀ ọ́ kí n lè mọ̀ pé ó ṣì wà."

Ọjọ́ Ẹtì, inú igbó Omo

Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí: gbogbo wa la ń pa òwe yìí, mélòó nínú wa ló ti rí erin? Èmi náà kò rí i. Ipasẹ̀ rẹ̀ ni mo rí. Ní etí odò kékeré kan, lórí ẹrọ̀fọ̀, ọ̀kan jìn wọlé, ó fẹ̀ tó awo tí a fi ń jẹ ẹ̀bà. Omi òjò ti dúró sínú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Àwọn ọmọ àkèré bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń fi ìrù lu omi náà, labalábá funfun kan sì bà sí etí rẹ̀, ó ń mu. Àkèré kan ti ya ilé sínú ẹsẹ̀ erin.

Níwájú díẹ̀, Bàbá fi igi tú ìgbẹ́ erin tó ti gbẹ. Kóró líle ló kún inú rẹ̀. Ó ṣa ọ̀kan, ó nù ún lára ṣòkòtò rẹ̀, ó fi lé mi lọ́wọ́: òro ni, igi tí a ń yọ àpọ̀n lára rẹ̀. Òmíràn ti la ẹnu, ewé rẹ̀ méjì ti yọ láàárín ìgbẹ́ náà. Erin á jẹ èso níbí, á rìn, á sì gbìn ín sí ibi tó jìnnà, pẹ̀lú ajílẹ̀ rẹ̀. Erin inú igbó tiwa yìí kéré sí ti pápá, láti 2021 ni IUCN sì ti kà á mọ́ àwọn tó sún mọ́ àtirun jù. Mo wo kóró náà lọ́wọ́ mi, mo rántí gbogbo abọ́ àpọ̀n tí mo ti lá láyé mi láìdúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín.

Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, a gbọ́ ẹ̀rọ agégi láti ọ̀nà jíjìn. Bàbá dúró, ó gbé orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń ka iye ìgbà tí ẹ̀rọ náà dákẹ́. "Igi mẹ́ta," ó wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

A kọjá ní àgọ́ àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin kòkó sínú igbó ọba. Obìnrin kan fún wa lómi mu. Nígbà tó mọ ohun tí a bá wá, ó gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ bá wa sọ fún wọn. Bí wọ́n bá ní ká kúrò, níbo ni ká lọ?" N kò ní ìdáhùn fún un. Mo mọ̀ pé bí àgọ́ bá ń pọ̀ sí i, erin kò ní rí ọ̀nà gbà. Mo tún mọ̀ pé omi ìkòkò rẹ̀ ni mo mu. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ igbó, tí kò bá kó obìnrin yìí mọ́ ọn, kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Lálẹ́, mo ronú sí ọ̀rọ̀ Aldo Leopold, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti bá ìjọba wọn ṣiṣẹ́ igbó nígbà èwe rẹ̀. Ní 1949, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde pé ilẹ̀, omi, igi àti ẹranko, ìlú kan náà ni wọ́n, kí ènìyàn sì yé ṣe bí aṣẹ́gun, kó di ará ìlú bíi ti àwọn yòókù. Mo gbà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ agboolé tún wọlé jù ú lọ. Ará ìlú lè gbé ogún ọdún láìmọ aládùúgbò rẹ̀. Nínú agboolé, wọ́n á bi ọ́ pé iṣẹ́ wo lò ń ṣe níbí. Igún ń gbálẹ̀. Erin ń gbin igi. Àwa ńkọ́?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìjẹ̀bú-Igbó

Oko bàbá wa ni mo jí sí. Bọ̀ọ̀dá mi ló ń bójú tó o láti ìgbà tí bàbá ti lọ. Ó ti gbá abẹ́ kòkó mọ́ tónítóní, ewé kan kò sí nílẹ̀, ó sì ń fi hàn mí tayọ̀tayọ̀. Òdòdó bo ara igi, funfun kéékèèké, wọ́n lẹ̀ mọ́ èèpo láti ìdí dé ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n ọmọ kòkó kò tó nǹkan, púpọ̀ òdòdó ti já sílẹ̀.

Mo mú dígí amóhun-tóbi tí mo fi ń kọ́ ọmọ jáde. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó níbí díẹ̀." Ó jókòó sórí àpò, ó ń wo aago. Ó tó wákàtí kan kí a tó rí ẹyọ kan: kòkòrò kan bí eruku, kò tó orí ìṣó, ó rìn wọ inú òdòdó, ó sì jáde. Bọ̀ọ̀dá gba dígí náà lọ́wọ́ mi.

"Èyí náà?"

"Èyí náà ni, sà. Òun ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti òdòdó kan dé òmíràn kí ó lè so. Bí kò bá wọ òdòdó kan, òdòdó yẹn á já ní ọjọ́ kan sí méjì. Oyin kò lè bá a ṣe é, ẹnu ọ̀nà kéré jù. Inú ewé tó ń jẹrà àti ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń rà ló ń yé sí. Ẹ ti gbá ilé rẹ̀ dànù."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó bínú díẹ̀, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Bí òun bá fi èèpo kòkó àti ewé sílẹ̀ kó máa rà, ó ní, àrùn tó ń sọ èso di dúdú á bo oko, òun á sì pàdánù gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni. Àrùn náà ń gbé inú èso tó ti bàjẹ́. Ìwé ò ní gbà wá bí ebi bá dé.

Ó wá sọ èyí tó le jù. "Àbúrò mi, o ní gbogbo ẹ̀dá ló ní àyè tirẹ̀. Ẹsẹ̀ Bàbá ńkọ́?"

Kò sí ẹni tó mọ bàbá wa tí kò mọ ẹsẹ̀ náà. Sòbìà, aràn tó ń ti inú ẹsẹ̀ yọ jáde, ló jẹ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọkùnrin, àpá rẹ̀ yí ọrùn ẹsẹ̀ ká bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú, ó sì ń tiro títí ó fi kú. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kà á yíká ilẹ̀ Nàìjíríà, ó ju 650,000 ènìyàn lọ tí sòbìà mú lọ́dún kan. Ní 2013, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé kò sí mọ́ lọ́dọ̀ wa. Arne Naess, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò, ọmọ Norway, kọ ní 1973 pé ní ìlànà, gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló ní ẹ̀tọ́ kan náà láti wà láàyè. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin náà, àmọ́ n kò lè dúró níwájú ibojì bàbá mi kí n sọ ọ́.

Mo dá Bọ̀ọ̀dá lóhùn pé n kò ní sunkún sòbìà láéláé. Inú agboolé náà, a máa ń lé ẹlòmíràn jáde. Ṣùgbọ́n àwọn tó lé sòbìà mọ ẹni tí wọ́n ń lé: wọ́n mọ odò tó ń gbà wọlé, wọ́n mọ kòkòrò inú omi tó ń gbé e, wọ́n sì fi aṣọ sẹ́ omi mímu lábúlé dé abúlé. Ìgbálẹ̀ àti oògùn tí à ń fọ́n káàkiri oko kò mọ ẹnì kankan. Ó pa ọ̀tá, ó pa ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

"Kí lo wá ní kí n ṣe?"

Ọjọ́ pẹ́ lórí ìyẹn. Nígbà tí oòrùn fi rọlẹ̀, a ti dé ibì kan: èso tó bá dúdú, kó máa kó o kúrò, kó sì rì í mọ́lẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. Ewé tó bá já, kó fi í sílẹ̀ lábẹ́ ogún igi péré ní ìsàlẹ̀ oko, kó gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí i. Oògùn kankan kò gbọdọ̀ débẹ̀. Ní oṣù kẹwàá, a ó ka èso ogún igi yẹn, a ó ka ti ogún mìíràn tó ń gbá.

Mo dùbúlẹ̀ lálẹ́, ọ̀rọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi sì padà wá. Màá sọ fún un pé n kò rí baálé. Nínú gbogbo àwọn tí mo bá pàdé láti ọjọ́ Ajé, kò sí èyí tó lè sọ fún ara rẹ̀ pé ibí yìí ni mo dé, n kò ní kọjá. Erin kò lè ka èèwọ̀ fún erin, kòkòrò kò lè kà á fún kòkòrò. Àwa lè kà á fún ara wa. Mo rò pé iṣẹ́ tiwa nínú ilé nìyẹn, a sì ti ń sá fún un tipẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọ̀nà Ìbàdàn

Ọkọ̀ aago mẹ́wàá ni mo fẹ́ wọ̀. Àpò gààrí Ìyá Àgbà, kóró òro kan nínú ike, ewé eéran tó ti gbẹ.

Kí Bọ̀ọ̀dá tó gbé mi lọ sí gáréèjì, ó ní kí n dúró. Ó gun ọ̀pẹ kúkúrú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré, ó bẹ́ màrìwò tútù sọ̀ kalẹ̀. A jọ rìn dé ìsàlẹ̀ oko. Ó ya màrìwò náà, ó so ó láti igi àkọ́kọ́ dé igi ogún, ó rọra ń fà á kí ó má baà já òdòdó. Ó ní àwọn lébìrà ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Bí wọ́n bá rí màrìwò, wọn kò ní bèèrè ọ̀rọ̀ kankan.